Ẹ̀wà Inú Ife

Ọdún mọ́kànlá ni Muminat fi kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì n'Ílọrin. Ní Richton Park, l'Amẹ́ríkà, igbákejì tíṣà ni ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ń retí kí wọ́n sọ òun di tíṣà.

Yìnyín ṣì wà níta, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ní ìgbà ìrúwé ti dé, làwọn ọmọ bá gbin ẹ̀wà sínú ife. Tíṣà wọn, Brenna, ní kí wọ́n máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

"Yóò jẹrà o."

"Àǹtí Mumi, ohun tó wà nínú ìwé ni ká ṣe."

Ẹ̀wà jẹrà. Kí ojú má baà ti Brenna níwájú àwọn òbí tó ń bọ̀ wá wo ẹ̀wà náà, Muminat mú òmíràn hù nínú òwú tútù nílé, ó sì rọra pààrọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún Brenna. Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ kan Muminat léjìká: "Máa wo Brenna dáadáa. Lọ́dún mélòó kan, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n gbìn."