Nọ́ńbà Tí Mo Rí Tí Mo Sì Dákẹ́

Èmi ni mo kọ́ ọ̀rẹ́ mi níṣẹ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kódà bí wọn ò bi mí.

A pàdé níbi ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́ta kan, nínú yàrá òkè kan nítòsí Ọ̀fà Garage, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní àdúgbò Fate ni mò ń gbé. Ará Ọ̀mù-Àrán ni wá, tíṣà sì ni ìyá mi. Àgbẹ̀ ni bàbá ọ̀rẹ́ mi ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nítòsí Ọjà-Ọba ló ń gbé kó lè ráyè kẹ́kọ̀ọ́. Kò ní láptọ́ọ̀pù. Bí a bá ti jáde, ó máa ń bá mi lọ sílé, tèmi la sì jọ máa ń lò. Ohun tí olùkọ́ bá sọ tí kò yé e, èmi ni mo máa ń tún un ṣàlàyé fún un. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí i títí ìyá mi á fi ní, "Dìde, ọmọ mi, ó tó."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, a ní kálukú á máa ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, láìsí ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ìkànnì tí àwọn oníbàárà á fi mọ̀ mí. Mo fi àwọ̀ búlúù sí i, mo yọ ọ́, mo fi àwọ̀ ewé sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ àwòrán ara mi. Oṣù méjì kọjá, mi ò tíì sọ fún ẹyọ ẹnì kan pé mò ń wá iṣẹ́. Mo gbà pé bó bá ti dára tán, àwọn èèyàn á máa wá mi wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ṣé o ti gbọ́? Ọ̀rẹ́ ẹ ló máa ṣe ìkànnì ilé-ìwé wa."

Ilé-ìwé tí ìyá mi ti ń kọ́ni láti kékeré mi, tí èmi gan-an ti ka ìwé mẹ́fà!

"Ta ló júwe rẹ̀ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó júwe rẹ̀. Òun ló wọlé tọ ọ̀gá àgbà lọ. Ó ti ya àwòrán ilé-ìwé láti ìta, ó ti ṣe ojú ìwé kan bí àpẹẹrẹ sórí fóònù rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ẹ ò wá lè sọ fún wọn pé ọmọ yín náà ń ṣe é, Mọ́mì?"

Ìyá mi wò mí dáadáa. "O ò sọ fún mi pé o ti ṣe tán."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi wọ yàrá lọ.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá fún mi ní ìròyìn ayọ̀ náà, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Àlùbáríkà o!" Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín mi. Ó tún sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun kan ti fún òun ní láptọ́ọ̀pù àlòkù, pé òun ò ní máa dà mí láàmú mọ́. Ìyẹn gan-an dùn mí ju iṣẹ́ náà lọ. Mo fẹ́ kó ṣì máa wá yá tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìkànnì náà jáde. Ó fi ránṣẹ́ sí mi: "Bá mi wò ó, ọ̀gá mi." Mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó dára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, àwòrán àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń rí i pé ó dára ni inú mi ń bàjẹ́ sí i. Níkẹyìn, mo dé ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ilé-ìwé sí. Ẹ̀yìn ìwé wa ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sí nígbà tí mo wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà náà sí ipò ara wọn.

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Ó dára gan-an ni," mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Àsìkò tí àwọn òbí ń wá ilé-ìwé fún ọmọ la wà. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá mi bọ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò. Ó ní àwọn òbí ti ń pe ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà, ọkùnrin náà sì ń bú wọn. Ọ̀gá àgbà pe ọ̀rẹ́ mi, ó sì bá a wí níwájú gbogbo tíṣà.

"Ó sunkún," ni ìyá mi wí, "ó ṣe mí láàánú."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀rẹ́ mi fi wọlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo ti tún nọ́ńbà yẹn ṣe, àmọ́ mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi tún gbogbo ẹ̀ wò. Ìwọ tójú ẹ mú gan-an ò rí i, èmi wá ńkọ́?"

Ó ń tù mí nínú ni, kí n má bàa rò pé òun ń dá mi lẹ́bi. Mi ò lè fara dà á.

"Mo rí i," ni mo wí.

"Kí lo wí?"

"Ọjọ́ tó o fi ránṣẹ́ ni mo ti rí i. Mo kàn dákẹ́ ni."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mò ń jowú ẹ ni."

"Wàláhì, gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ta ló kọ́ mi, ìwọ ni mò ń dárúkọ." Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì lọ.

Ìyá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó ní, "Lọ́la, wàá bá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà." Mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà bi mí bóyá èmi náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ní kí n máa lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ò wá sílé wa mọ́. Bí mo bá pè é, á kí mi dáadáa, á sì dákẹ́. Nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ dé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi, inú rẹ̀ dùn sí mi. Mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ò sọ fún wọn. Òun ló sìn mí dé ọ̀nà.

"Mi ò tíì gbàgbé o," ló wí.

"Mo mọ̀."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi iṣẹ́ míì tó ń ṣe lọ́wọ́ hàn mí, ti obìnrin kan tó ń ran aṣọ. Owú náà tún dé.

"Ó rẹwà," ni mo wí, "ó sì ń dùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ náà lọ béèrè. Kò sẹ́ni tó ń wá wa wá sílé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ ilé ìtajà oògùn kan ní Fate, mo ní iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe. Obìnrin ibẹ̀ ní àwọn ò nílò rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì.