Àmì Abẹ́ Mẹ́ta Tí Bàbá Káfíńtà Gbàgbé

Ìtàn tí àdúgbò mọ̀ jù nípa olóògbé Bàbá Káfíńtà ni ti pátákó tó gbé sínú ọgbà rẹ̀. Ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: KORIKO OSO. Koríko ọ̀ṣọ́ ló ní lọ́kàn. Àmì abẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹyọ kan kò sí. Ti àmì ohùn, ẹ má jẹ́ ká débẹ̀ rárá. Koríko oṣó ni gbogbo ayé kà á sí.

“Bàbá, ẹ fi àmì sí i,” ni télọ̀ ilé kejì bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé. “Àwọn oníbàárà mi ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.”

“Ṣé mo máa ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń rán ṣòkòtò ni?”

Ṣùgbọ́n ó ronú sí i, ó gbé ọ̀dà, ó fi àmì sábẹ́ lẹ́tà àárín OSO nìkan. Ìgbà yẹn ló wá di koríko oṣó pátápátá.

Koríko náà lẹ́wà, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Màmá, ìyàwó rẹ̀, sì ní róòsì lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná.

“Bàbá, bí koríko yín bá dé ìdí òdòdó mi, gbogbo ẹ̀ ni mo máa hú.”

“Kò ní débẹ̀.”

Ó ri páànù mọ́lẹ̀ yí koríko ká, ó jìn dé orúnkún. Láràárọ̀ ló ń yí i po, tó ń gé èyí tó bá yọjú síta, tó sì ń já orí rẹ̀ dànù kí èso tó gbẹ.

“Nígbà táwọn ọmọ wa kéré, ẹ ò ṣọ́ wọn tó báyìí,” ni Màmá wí.

“Àwọn ọmọ wa kì í gba abẹ́ ilẹ̀ jáde.”

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣọ́ ọ. Oṣù kejì lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá, ẹyọ kan hù láàárín róòsì. Télọ̀ rí Màmá tó gbé ọkọ́ jáde, ó sáré wá wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa lọ. Màmá rọra wa ìdí èéhù náà, ó lọ gbìn ín sáàárín koríko tó wà nínú páànù, ó fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ máa hú u ni?”

“Bàbá ni mo ń bá jà,” ni Màmá dáhùn. “Kí ni mo fẹ́ bá koríko rẹ̀ jà sí? Bá mi bu omi wá.”