Ìta Ni Mo Gbọ́

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá dákẹ́, má rò pé mo ti gbàgbé. Ìtìjú ni.

Mọ́tò bàbá àgbà rẹ ni. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó ń gba agbọ̀n ẹja. Òun ni èmi àti àbúrò bàbá rẹ fi ń lọ ra ẹja l'Ẹ́pẹ́ kí n tó wá tà á ní Ìkòròdú níbí. Ẹnì kẹta wa nínú mọ́tò ni obìnrin Ìlàjẹ tó gba yàrá lọ́wọ́ mi lẹ́yìnkùlé, tó ń yan ẹja. Kì í kàn wọ mọ́tò lásán o. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, òun ló ń bá mi ṣa ẹja. Bí àwọn tó ń tà á bá fẹ́ ti èyí tó ti ń jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nínú ìhà, èmi náà á sì bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ta ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ayálégbé tó kù ń pè mí ní Ìyá onílé. Òun, Ìyá wa ló ń pè mí.

Nígbà tí ọyẹ́ èyí tó kọjá yìí dé, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Láàárọ̀ kùtù, àbúrò bàbá rẹ á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí, á máa yí, kò ní jí. Èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá. A ní bátìrì ni, a pààrọ̀ bátìrì. Tuntun náà ń yí i kíkankíkan, síbẹ̀ kò jí. A ní bóyá omi ti wọ inú epo. A fa táǹkì gbẹ, a ra epo mìíràn, a pààrọ̀ fílítà tó ń sẹ́ ẹ. Pàbó. Àwọn ayálégbé ló ń bá wa tì í dé ojú títì kó tó dáhùn. Obìnrin yẹn ló máa ń wà lẹ́yìn, níbi tí èéfín dúdú ti máa ń tú jáde bó bá jí. Bó bá wá jókòó tì mí, ojú rẹ̀ á ti dúdú, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wa, ẹ wo bí mọ́tò yín ṣe lé tìróò fún mi."

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bá a bá dé Ẹ̀pẹ́, tí oòrùn yọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mọ́tò yóò jí. Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ayé bàbá àgbà rẹ, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Á yí i, á jí, á wá máa wò wá bí ẹni pé irọ́ la gbé wá bá òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó kọ̀ pátápátá, àbúrò bàbá rẹ wà lábẹ́ mọ́tò, epo kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pe mẹkáníìkì, ó ní kí n gbé fóònù sétí. Mẹkáníìkì bi mí bóyá èéfín funfun ni. Mo ní funfun ni. Ó ní ṣé àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n. Ìta ni. Ìta yín ló ń fa gbogbo ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò o."

Mo gbé fóònù kúrò létí.

"Kí ló wí?" Àbúrò bàbá rẹ ló ń bi mí láti ìsàlẹ̀.

"Ó ní ká gbé e wá."

Mi ò sọ ìyókù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí àgbà ń gbé mì ni. Ta ni ẹni ìta nínú ilé mi? Ta ló ń fọwọ́ kan mọ́tò yẹn láràárọ̀? Mo wá rántí pé nígbà tí obìnrin náà lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ létí òkun, mọ́tò ń jí dáadáa. Bó ṣe padà dé ni wàhálà tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo tún ń wá?

Ó ń bọ̀ láti wá tì í, agbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Mo nawọ́ dá a dúró.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ìyá wa?"

"Má fọwọ́ kàn án mọ́, má sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ará ìta kan ò ní ba mọ́tò ọkọ mi jẹ́."

Gbogbo ayálégbé ló wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu àwọn mìíràn. Ó wò mí, ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mi ò rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lérí, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí àwọn tó kù bá wa tì í jí, tá a tún dé Ẹ̀pẹ́, mẹkáníìkì ní ká jẹ́ kí mọ́tò sùn sọ́dọ̀ òun, òun fẹ́ bá a nínú òtútù. A sùn sílé ìbátan wa kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọyẹ́ bo ọ̀sà débi pé a ò rí omi. Mẹkáníìkì yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kọ̀.

"Ó ti ṣe é lójú mi!" Inú rẹ̀ ń dùn.

Mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í. "Ṣé ẹni tí kò sí níbí lè ṣe é náà?"

"Ṣe kí ni, ìyá?"

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tú àwọn irin kan jáde lára ẹ́ńjìnnì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé, ó ń fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì níkọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan pọ́n bí ẹyin iná. Àwọn yòókù dúdú síbẹ̀.

"Ìta yín rèé, ìyá. Wọ́n ti kú."

"Èwo ni ìta?"

"Èyí náà ni, mà. Òun ló ń yá ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lára láàárọ̀ kó tó jí. Bí ooru bá mú, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣé kì í jí tí ọyẹ́ bá ti lọ díẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ní gbogbo ọjọ́ tí obìnrin náà fi wà létí òkun, ọyẹ́ ti ká nílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń fẹ́ ara mi sùn.

Àbúrò bàbá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, kí lẹ rò pé ó jẹ́?" Ẹ̀rín náà wá kú lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe lé obìnrin yẹn?"

Mo ń ṣa àwọn irin tó ti kú náà jọ. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín bó o ṣe ń kọ ọ́. O ní híítà ni, pé lẹ́tà kan wà níwájú rẹ̀ tí ahọ́n mẹkáníìkì ń fò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin yẹn.

Mẹkáníìkì fi ìta tuntun sí i. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ mú gan-an. Àbúrò bàbá rẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mọ́tò jí. Gbogbo ilé gbọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá obìnrin náà nídìí ààrò rẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.

"Mo ṣì í gbọ́ ni. Orúkọ irin kan ni. Má bínú sí mi. Gbé agbọ̀n rẹ, jẹ́ ká lọ."

Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa. "Kò sí nǹkan kan, mà. Mi ò bínú."

"Àyè rẹ wà níbẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ẹ ṣé, mà. Àwọn onímọ́tò tó ń gba Ìtòìkín lọ Ẹ̀pẹ́ ti ń fi àyè sílẹ̀ dè mí báyìí. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, Ìyá onílé."

Lọ́jọ́ yẹn l'Ẹ́pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n ẹja, mo ń retí ìgbọ̀nwọ́ nínú ìhà mi. Ẹja tí mo gbé bọ̀ wálé, ìdajì rẹ̀ ló ti jẹrà.

Títí di òní ló ń pè mí ní Ìyá onílé. Mọ́tò ò sì tún kọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àbúrò bàbá rẹ pé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kó máa kọ́kọ́ tì í dé ojú títì kó tó ṣáná sí i, kí obìnrin náà má baà gbọ́ lẹ́yìnkùlé bó ṣe ń jí wẹ́rẹ́ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi bi mí bóyá orí mi pé. Ó ṣì ń tì í.