Orúkọ Ọkọ Mi ní Oríta

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fi orúkọ ọkọ mi sọ oríta kan l'Ádó-Èkìtì, inú mi dùn débi pé ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ sọ́jà, kódà bí n kò bá ní nǹkan tí mo fẹ́ rà. Lọ́yà ni ọkọ mi. Òun ló bá ìlú gba ilẹ̀ oríta náà padà ní kóòtù. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé ara ibojì nìkan ni àwọn àgbà ìgbà náà ti ń rí orúkọ èèyàn lára sìmẹ́ǹtì.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi wa mọ́tò ìjàpá rẹ̀ lọ sí kóòtù l'Ákùúrẹ́. Mo ń gúnyán lọ́wọ́ nílé wa l'Ókè-Ìlá nínú Adó nígbà tí mo gbọ́ ẹkún lójú títì. Ìyá ọkọ mi ni, òun àti àwọn obìnrin ilé wọn láti Igbemo, gbogbo wọn ti ṣí gèlè.

"Ukú mú ọmọ mi lọ o!" ni Ìyá ń ké.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo wó lulẹ̀. Mo rò pé wọ́n wá túfọ̀ fún mi ni. Àwọn náà rò pé opó ni wọ́n bá. Igbe mi ló mú un dá Ìyá lójú, igbe Ìyá ló mú un dá mi lójú, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé níbo lo ti gbọ́ ọ.

Ibi tí a ti ń yí nílẹ̀ ni ìjàpá yà wọlé. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ta ló kú?"

Ìyá dìde. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó kan àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀.

"Ùwọ nì yí?"

"Èmi ni, Iye."

Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọlọ́run mi, mo dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn! Lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi, nítorí iyán ti di kókó.

Ìgbà tí wọ́n mu omi tán la gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan ló dé Igbemo, ó ní òun rí orúkọ ọmọ wọn lára sìmẹ́ǹtì l'Ádó. Ìyá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ọkọ mi ṣàlàyé títí bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, pé ẹ̀yẹ ni. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ẹ lọ pa á rẹ́. Bí ukú bá mú mi lọ, kí ẹ tún un kọ."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Bí ilẹ̀ ti mọ́, bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ha orúkọ náà kúrò. Ìyá dúró tì í, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú bí ọmọ ilé-ìwé, ó ń fà á síwájú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

"Ẹ wò ó," ló ń wí. "Ọmọ mi nì yí. Ẹ fọwọ́ kàn án."