Ohun tí Ràhámọ̀tù Kọ sí Ẹ̀yìn Ìwé

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Sẹ̀gilọlá Àyànbádéjọ, ẹ kàn sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama kan ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà, ní Ìwó. Onítẹ̀bọmi ni, inú ọgbà míṣọ̀n ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àmọ́ nínú ọmọ méjìlélógójì tó wà ní kíláàsì rẹ̀, mẹ́rìnlélógún ló jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí láti àwọn agboolé àtijọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kọ àròkọ fún un. Àpò ìrẹsì ló fi ń gbé ìwé wọn lọ sílé, bó bá sì ti rí ohun tó ń dà wọ́n láàmú jù, òun náà ni yóò kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì.

Ní 1987, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn ní àwọn ti rí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ. Wọn yóò fún àwọn ọmọ ní ọgọ́ta ìbéèrè lórí àròkọ kíkọ. Pẹ́ńsù ni ọmọ yóò fi kun àmì ìdáhùn tó bá yàn, kò ní kọ gbólóhùn kan. Kọ̀ǹpútà ni yóò máàkì rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ni yóò sì sọ fún tíṣà ohun tó yẹ kó kọ́ wọn. Ọmọ tí kò bá gba ìdajì kò ní forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Sẹ̀gilọlá lọ bá pirinsípà, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ó bi í pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ọmọ tó lè kọ àròkọ láìjẹ́ kó kọ àròkọ.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é, Mísíìsì,” ni pirinsípà dá a lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá fi ìdánwò sí. Aago mẹ́sàn-án ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mọ́tò tó ń kó ìwé bọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, aago méjìlá ti kọjá kí wọ́n tó já ìdì rẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn. Nígbà tó di aago kan, wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Ní Ìwó, kò sẹ́ni tó ń dá ọmọ Mùsùlùmí dúró ní kíláàsì bí wọ́n bá ti pe ìrun Jímọ̀, onítẹ̀bọmi tó ń kọ́ni pàápàá á ṣílẹ̀kùn fún wọn ni. Sẹ̀gilọlá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n fi ìwé wọn sórí tábìlì, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá parí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú gbogbo ìdánwò ilé-ìwé wọn. Ẹni tó yára jù nínú wọn ti ṣe ìbéèrè márùndínlọ́gbọ̀n. Ràhámọ̀tù, ọmọ Áfáà Sàlàkọ́, ló dìde gbẹ̀yìn, ó ṣì ń kọ nǹkan.

Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé, ọkùnrin tó kó ìwé wá ti ti àwọn ìwé náà mọ́nú àpótí. Sẹ̀gilọlá bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkùnrin náà ní wákàtí méjì ti pé, ó gun mọ́tò, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni èsì dé, lórí ìwé gbọọrọ kan tó ní ihò wẹẹrẹ létí. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì yìí kò mọ bí a ti ń parí àròkọ, kí tíṣà fi odidi táàmù kan kọ́ wọn. Orúkọ àwọn mẹ́rìnlélógún tí kò yege wà nísàlẹ̀. Ràhámọ̀tù wà níbẹ̀, ọmọ tí àròkọ rẹ̀ máa ń mú kí Sẹ̀gilọlá gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

Inú bí i. Ẹ̀rọ kò mọ Jímọ̀, a ò lè bá ẹ̀rọ wí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ló jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, èèyàn tó lójú, tó lẹ́nu, tó lè béèrè. Ta ló béèrè?

Ó gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ tó kún fún ìwé àròkọ, ó di Ìbàdàn. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkúnlé, tó ń bójú tó èsì náà, kò ju àbúrò rẹ̀ pátápátá lọ. Ó dìde kí i, ó fún un ní àga.

“Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, mà. Àmì tó bá rí ló ń kà.”

“Ẹ kó ìwé wọn wá,” ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ó kó o wá. Ìwé Mùrí, ti Àmúdà, ti Hàbíbátù, kò sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ dé ìdajì, ìyókù ṣófo. “Ẹ wo orúkọ wọn,” ni Sẹ̀gilọlá wí. “Ọmọ mẹ́rìnlélógún kì í ya òpè lójijì ní aago kan náà.” Ìgbà náà ló rí i pé àmì pẹ́ńsù ń hàn láti ẹ̀yìn ìwé Ràhámọ̀tù. “Ẹ yí èyí padà.”

Ògúnkúnlé yí i padà, ó sì kà á sókè:

“Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ má bínú. Wọ́n ti ń pe ìrun, bàbá mi sì ń retí mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo fi àyè ìdáhùn tó kù sílẹ̀ títí n ó fi padà dé. Bí n kò bá wá bá ìwé mi mọ́, ẹ bá mi rántí pé kì í ṣe àìmọ̀ ló mú mi dìde.”

Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. “Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kọ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ka ẹ̀yìn ìwé, mà. Èsì sì ti jáde.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin ti kà á báyìí.”

Ògúnkúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í to fáìlì orí tábìlì rẹ̀. Sẹ̀gilọlá da ọ̀rọ̀ Ràhámọ̀tù kọ sínú ìwé tirẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, kò dágbére.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sínú fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde, ó gbé e lọ fún pirinsípà. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ní òun kò lè fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ti òǹtẹ̀ ilé-ìwé sún mọ́ ọn lórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn tó ń gé koríko. Sẹ̀gilọlá tẹ òǹtẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó kọ́ wọn bí a ti ń parí àròkọ, bí Ìbàdàn ṣe pa á láṣẹ. Ohun tí Ràhámọ̀tù kọ ló fi kọ́ wọn.

Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà fi dé láti Ìbàdàn pé kó wí tẹnu rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sí i fún ìdáhùn. Ó jókòó ní yàrá àwọn tíṣà, ó fi gbogbo ìlà náà sílẹ̀ lófìfo. Ó yí ìwé náà padà, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé: “Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ kírun. Èmi náà ni mo forúkọ wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èyí kà, ẹ ti ka ẹ̀yìn ìwé nìyẹn.”