Lásínà Kì í Mu Omi Lórí Odò

Oòrùn ló pa bàbá wa, kì í ṣe omi. Ẹni tó bá mọ̀ wá ní Mọ́pítì lè rò pé mò ń ṣàwàdà, nítorí àwa Bósò, orí odò ni wọ́n ń bí wa sí, ibẹ̀ náà la sì ń dàgbà sí. Ṣùgbọ́n bàbá jókòó sí iwájú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní kí òun sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi Lásínà ti sọ oòrùn di ọ̀tá.

Ẹ wá wo ọkọ̀ tó fi ń kó èrò ní oṣù tí odò bá fà. Ó fi ẹní ṣe òrùlé sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, a sì máa wọ́n omi sí ẹní náà kí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ kọjá lè tutù. Ìkòkò amọ̀ tí omi mímu wà nínú rẹ̀ jókòó sínú iyanrìn tútù ní ikùn ọkọ̀. Ọmọdé tó bá wọlé, yóò so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn láyà, ìyá ọmọ ìbáà máa kùn. Kó tó di ọ̀sán gangan, a gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ igi ńlá kan létí omi, a ó sì sùn níbẹ̀ títí òjìji yóò fi gùn. Lásínà yóò máa gbé igbá omi kiri láàárín àwọn èrò.

"Mu ún. Mi ò bi ọ́ bóyá òùngbẹ ń gbẹ ọ́."

Òun nìkan ni kì í mu. Àwọn àgbà wa kan gbà pé ìtìjú ni kí ọmọ odò máa pòùngbẹ lójú àwọn èrò tó gbé. Ó dìgbà tó bá gúnlẹ̀ kó tó mu. Ọgbọ́n tó ní fún gbogbo ayé, kò ní in fún ara rẹ̀. Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n kí ni àbúrò fẹ́ sọ?

Yátìmẹ̀ nìkan ló lè bá a wí. Obìnrin ẹ̀yà Dógọ̀n ni, láti orí àpáta, àlùbọ́sà ló ń kó lọ sọ́jà Mọ́pítì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwa àti àwọn, èébú ló so wá pọ̀. Wọ́n ní nígbà ìyàn kan, baba ńlá wa gé ẹran itan ara rẹ̀, ó sun ún fún ọmọ Dógọ̀n tí ebi fẹ́ pa. Látìgbà náà, a kì í fẹ́ ara wa, a kì í bára wa jà. Ẹni tí wọ́n bá bú kò gbọdọ̀ bínú, ohun tí èkejì bá sì ní kó ṣe, kò gbọdọ̀ kọ̀.

"Lásínà, ẹrú mi," bó ṣe ń kí i láàárọ̀ nìyẹn, "ṣé o ò tíì wẹ̀ ni?"

"Èmi ti wẹ̀. Ìwọ ni mi ò mọ̀, bóyá ewúrẹ́ orí àpáta ń wẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ wa gun orí iyanrìn kí a tó dé ibi igi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sínú omi tí kò ju orúnkún lọ, a tì í, a tì í. Ìgbà tó fi máa gbéra, oòrùn ti dúró sí àtàrí. Igi wa ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń mì nínú ooru, bí ẹni pé kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Odò ti funfun. Àwọn ẹyẹ dúró sójú kan nínú omi, wọn ò fò. Èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ọkọ̀ ló ń lọ tàbí ilẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Àwọn èrò ń tòògbé lábẹ́ ẹní, ìró ọ̀pá tí a fi ń ti ọkọ̀ nìkan là ń gbọ́, ó ń wọ inú omi, ó ń jáde. Mo rántí pé ó dùn mọ́ mi. Bí ooru ṣe ń tan ènìyàn nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gba iwájú. Ẹ mu omi díẹ̀."

"Bínà, ti ọ̀pá rẹ." Kò wẹ̀yìn.

Yátìmẹ̀ yọrí lábẹ́ ẹní. "Lásínà, ẹrú mi, ṣé ìgbín ló ń fà wá ni? Abájọ tí baba ńlá mi fi ní ẹran itan yín ò dùn, ẹja ẹja ló ń rùn."

Èrò kan rẹ́rìn-ín lójú oorun. Gbogbo wa ń retí èsì. Lásínà ò fèsì.

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Yátìmẹ̀ tún un sọ, kò fọhùn. Obìnrin yìí tí ẹ̀rù omi ń bà débi pé kì í kúrò lójú kan nínú ọkọ̀ dìde, ó gba àárín àwọn èrò lọ síwájú, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn náà gbẹ háúháú, kò sí òógùn níbẹ̀, ó sì gbóná bí ìkòkò orí iná.

"Bínà, gba ọkọ̀. Lásínà, jókòó."

"Mò ń..." Kò rí i parí.

"Mi ò bẹ̀ ọ́. Èmi ọmọ Dógọ̀n ni mo ní kó o jókòó. Ṣé o fẹ́ kọ̀ fún mi ni?"

Ibì kan tí àwa ò rí lojú rẹ̀ ń wò. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ti wọ̀ ọ́ lára ju ooru lọ. Ó jókòó.

A wọ́ ọ sábẹ́ ẹní. Yátìmẹ̀ rẹ ìborí rẹ̀ sínú odò, ó fi lé e lọ́rùn, ó fi sí i lábíyá, ó ní kí àwọn èrò máa fẹ́ ẹ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó gbé igbá sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Èmi ń ti ọkọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an, nítorí ibi tí bàbá wa jókòó sí nìkan ni mò ń rí. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mò ń bi ara mi pé ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

A dé abẹ́ igi. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, mo rí i. Ó lajú, ó wá Yátìmẹ̀ kàn.

"Ẹran itan yẹn," ó ní, agbára káká la fi gbọ́ ọ, "ẹ jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò tíì dúpẹ́."

Yátìmẹ̀ ò bú u. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣé, Lásínà," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Àyà ẹ̀gbọ́n mi já. Ó yíjú sí mi.

"Bínà, tètè bu omi fún obìnrin yìí. Oòrùn ti mú un."