Dókítà Oko àti Eyín Mi

Kòkó ni mo gé jẹ, ṣùgbọ́n eyín mi ló dún.

Àwa tí à ń ra kòkó ní Aládé, ní Ìdànrè, mọ ìró kòkó gbígbẹ dáadáa. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò rẹ̀ dé ìdí òṣùwọ̀n, a ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, a ó mú hóró kan láti ìsàlẹ̀, a ó sì fi eyín ẹ̀yìn fọ́ ọ. Bó bá dún kẹ̀ẹ́, ó ti gbẹ. Bó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, omi ni onítọ̀hún fẹ́ tà fún wa, a ó ní kó gbé e padà lọ sá sóòrùn. Bí ìyá ọkọ mi ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìdànrè láti Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, nǹkan kan ta mí láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n dé inú etí, omi bọ́ lójú mi, mo sì tu hóró náà sọ́wọ́. Hóró kòkó ṣì wà lódindi.

Eyín ńlá tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni. Mo fi ahọ́n wá a, mo bá ojú ibi tó ti là, tóóró bí irun. Mo rò pé kò tó nǹkan. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ta á, nígbà tó yá tíì gbígbóná náà ń ta á, mo wá ń fi apá òsì nìkan jẹun. Mò ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mò ń fi kànáfùrù há ibẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí àsìkò kòkó ni, àwọn àgbẹ̀ tò síwájú òṣùwọ̀n. Nígbà tó di pé eyín náà ń lù kì-kì-kì, tí mo bá sì dùbúlẹ̀ a tún le sí i, mo gba ọ̀dọ̀ Dókítà Oko lọ.

Kì í ṣe dókítà o. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó ló ń tà. Àwọn àgbẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí pé bí àrùn bá mú igi wọn, òun ni wọ́n máa ń sá tọ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kì í ṣe pé mo ṣàánú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo rò. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn èèyàn náà. Oògùn oko wà lórí pẹpẹ lápá kan ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oògùn ibà àti ti ẹ̀fọ́rí wà lápá kejì, ọwọ́ kan náà ló sì fi ń mú méjèèjì.

Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́nu.

"Kòkòrò ni, Ìyá Kúdí. Ó ti ń jẹ eyín yín láti inú."

Ó fún mi ní ìgò kékeré kan bíi ti oògùn ojú, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.

"Òróró kànáfùrù ni, mo wá fi nǹkan tó lágbára díẹ̀ sí i. Ẹ kán an sí òwú, ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣáà gbé itọ́ mì."

Òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn tí mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ń dùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ro nǹkan. Iná sọ nínú ẹnu mi, lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ kú tipiri, ìrora sì lọ. Mo sùn. Mo tilẹ̀ gbàdúrà fún ọkùnrin náà, àdúrà tí mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó dá padà fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹran ìdí eyín mi ti funfun, ó ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo padà tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní kòkòrò ló ń kú, pé kí n kán òmíràn sí i, mo sì kán an.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú títí ojú ọ̀tún fi fẹ́ pa dé. Wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ó le koko, ó gbóná, gbogbo ara mi sì ń gbọ̀n. Ẹnu mi ò ṣí ju ibi tí ṣíbí tíì lè gbà lọ. Itọ́ ò ṣeé gbé mì, ìborùn mi ni mo fi ń nù ún. Ọkọ mi ní ká ṣì fún oògùn náà láyè. Kúdí, ọmọ mi tó ń ránṣọ ní Odode, ló wọlé, tó wo ọrùn mi, tó sì figbe ta.

"Dádì, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń mí ni? Mo ti pe táksì. Mọ́mì, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà wọ bàtà yín."

Ó ju ìgò Dókítà Oko sínú báàgì rẹ̀, ó ní wọ́n máa fẹ́ mọ ohun tí mo lò ní họ́sípítù. Ọlọ́run ló fi ìyẹn sí i lọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí eyín bá ń dùn yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sọ́kàn. Eyín dídùn lásán lè dúró di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí wíwú bá ti dé abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, bí ẹnu ò bá ṣeé là, bí itọ́ ò bá ṣeé gbé mì, tàbí tí mímí bá ń ṣòro, ẹ má jókòó sílé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fún un láyè. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ tí mo ti gbà láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ni mo mọ iye kòtò tó wà níbẹ̀, àgbọ̀n mi ló ń bá mi kà wọ́n. Ní ilé ìwòsàn, àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, kálukú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Mo ti ń wá ibi tí n ó jókòó sí nígbà tí nọ́ọ̀sì kan rí ọrùn mi, tó sì mú mi kọjá gbogbo wọn. Ẹnì kankan ò ráhùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an.

Dókítà eyín tó tọ́jú mi jẹ́ obìnrin tí kò ju Kúdí lọ púpọ̀. Ó ṣí ìgò náà, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì tètè gbé e kúrò níbẹ̀.

"Mà, ta ló ní kí ẹ fi oògùn kòkó sẹ́nu?"

Kúdí ló dáhùn pé oògùn eyín ni ẹni tó tà á pè é.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, dókítà náà ṣàlàyé fún mi, èmi náà yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bó ṣe yé mi. Eyín kì í ṣe egungun lásán. Ẹran rírọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀, iṣan tó ń mú kéèyàn mọ ìrora náà wà níbẹ̀. Nígbà tí eyín mi là, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lẹ́nu gbogbo wa gba ojú ibẹ̀ wọlé. Ẹran inú rẹ̀ kú, ó jẹrà, ó di ọyún, ọyún náà sì gba ìdí gbòǹgbò eyín wọ inú àgbọ̀n. Bó bá dé ọ̀fun, ó lè dí ọ̀nà tí èèmí ń gbà. Kò sí kòkòrò kan tó ń rìn kiri nínú eyín tí èèyàn lè fi oògùn oko pa. Ohun tí oògùn Dókítà Oko ṣe ni pé ó jó ẹran ẹnu mi, ó sì pa ìrora tó yẹ kó lé mi lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tọ́rọ̀ náà ṣì kéré.

Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n sì ń gba inú rẹ̀ fún mi lóògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn máa la abẹ́ àgbọ̀n mi kí ọyún lè jáde. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, abẹ́rẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn nínú ẹran tí ọyún ti kún. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó tú jáde rùn débi pé ojú ara mi tì mí. Nígbà tí ẹnu mi wá ń ṣí, wọ́n yọ eyín náà, ìyẹn ò sì dùn mí rárá.

Lórí irú bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn yẹn, àwọn mìíràn ń ka àdúrà. Èmi ń yọ eyín Dókítà Oko. Mo ti iwájú bẹ̀rẹ̀, mo fi píláyà yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi, láìsí abẹ́rẹ́. Tí mo bá yọ wọ́n tán, n ó tún gbìn wọ́n padà kí n lè rí nǹkan yọ lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní inú òun dùn pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Owó àjọ ọkọ mi àti tèmi ló lọ sí i. Dókítà náà sọ fún mi pé bí mo bá wá nígbà tí eyín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ là, bóyá àwọn ì bá dí ojú ibẹ̀, ì bá sì wọ́n níwọ̀nba. Nítorí náà ni àwa obìnrin ìdí òṣùwọ̀n fi dá àjọ eyín sílẹ̀ báyìí. Kálukú ń dá a díẹ̀díẹ̀, ẹni tí eyín bá sì ń dùn ló ń kọ́kọ́ kó o. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn tówó ò pé, ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbà fún wa, a sì san án tán.

Nígbà tí mo padà sílé, ògì ni mò ń mu. Mò ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀ níwájú dígí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kí àgbọ̀n má bàa gan. Ọkọ mi ní ká fi Dókítà Oko sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

"Ọlọ́run ti mọ̀," mo sọ fún un. "Àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀."

Mo dúró di ọjọ́ ìpàdé àwọn àgbẹ̀ àtàwa tí à ń ra kòkó. Dókítà Oko jókòó síwájú bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí Bàbá Alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mo dìde. Mo tú ìborùn mi kí wọ́n lè rí àpá tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì la ẹnu kí wọ́n rí àlàfo. Mo gbé ìgò rẹ̀ jáde, mo gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ó jù mí lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kán díẹ̀ sẹ́nu yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Kúdí, eyín ò dùn mí."

"Ẹ kán an sí èyí tí kò dùn yín, sà."

Bàbá Alága ní kí ló dé tí kò lè kán an, ṣebí oògùn eyín ni. Ọkùnrin náà wo ìgò, ó wo ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi oògùn oko sẹ́nu ni?"

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìdànrè gan-an tú etí ìró rẹ̀, ó yọ irú ìgò yẹn jáde, ó sì gbé e ti tèmi lórí tábìlì. Ó fi èdè Ìdànrè sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ọmọ ọmọ òun ni òun fẹ́ kán an fún tí òun bá délé. Àgbẹ̀ kan yọ tirẹ̀ látinú àpò ṣòkòtò. Àwọn mìíràn sáré lọ sílé lọ mú tiwọn wá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó palẹ̀ oògùn èèyàn mọ́ kúrò lórí pẹpẹ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ láti rí i pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti rán èèyàn sí mi láìmọye ìgbà kí n dárí ji òun. Mi ò tíì ṣe é, mi ò sì mọ̀ bóyá n ó ṣe é.

Èmi náà ò fi eyín fọ́ kòkó mọ́. Ọ̀bẹ ni mo fi ń là á, mo sì ń fi ọwọ́ fún un pọ̀ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mò ń fọ ẹnu kí n tó sùn, mo sì ń lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ eyín mi wò kó tó dùn mí. Ahọ́n mi ṣì máa ń lọ sí àlàfo yẹn bíi pé ó ń wá ẹni tó sọnù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí èèyàn lè gbé itọ́ mì jẹ́ ohun tó yẹ kó máa dúpẹ́ fún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀fun mi tí kò dí, lọ́wọ́ dókítà náà, lọ́wọ́ Kúdí tí kò dúró gba àṣẹ.

Nígbà tí àgbàdo tuntun dé, mo ra sísun kan tó le dáadáa. Mo gbé àpótí lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Dókítà Oko, mo jókòó sójú ibi tó ti lè rí mi, mo sì fi apá òsì jẹ ẹ́ tán títí tó fi ku ṣùkù.